Bẹ́ ẹ ṣe lè darí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ọmọdé tí ò fi ní di ti ẹnì kan

Ká tó sọ̀rọ̀ ta ni alága ta ni akọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló ni ẹgbẹ́ yìí gan-an. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kan rí tó jẹ́ pé ìyá tó dá a sílẹ̀ náà ni alága, òun ló ń gba owó ọdún, inú ìwé kékeré kan tó wà nínú báàgì ẹ̀ ló ń kọ orúkọ àwọn tó ti san sí, tọkàntọkàn ló sì fi ń ṣe é o, kò fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àìsàn gbé e dè la tó rí i pé ìwé kékeré yẹn nìkan la ní. Oṣù mẹ́fà la fi ń pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó mọ iye tá a jẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ẹ kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kùtùkùtù, ìgbà tí gbogbo yín ṣì fẹ́ràn ara yín. Kò pọn dandan kó gùn. Ẹ kọ ẹni tó lè wọlé, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè pinnu nǹkan, bẹ́ ẹ ṣe máa yan olórí àti bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì kọ irú ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ àríyànjiyàn tó máa ń wáyé lórí ẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá, torí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ oṣù mẹ́ta àti ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún méje, ìṣòro wọn ò jọra. Ẹ wo NAEYC, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Amẹ́ríkà, ọdún 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ nọ́sìrì ló jẹ wọ́n lógún nígbà yẹn, ó di 1964 kí wọ́n tó gba orúkọ tó kó gbogbo ọmọ kékeré pọ̀, lónìí láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún 8 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹgbẹ́ lè fẹ̀ sí i, àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó dìbò sí i, kì í ṣe kí alága jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé a ti fẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó máa darí, èèyàn méje sí mẹ́sàn-án ti tó. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn oníléèwé nìkan. Ó di dandan kí tíṣà tó ń wà nínú kíláàsì lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, kí òbí wà níbẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ ìwé owó kà dáadáa náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré, kéèyàn sì kúrò, àmọ́ kí gbogbo wọn má kúrò lọ́jọ́ kan náà, kí àsìkò ìdá kan nínú mẹ́ta wọn máa pé lọ́dọọdún, kí ẹni tó kù lè máa mú ẹni tuntun mọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àsìkò ìpàdé o. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ohun tí NAEYC ní kéèyàn má kọjá ni ọmọ mẹ́rin fún àgbàlagbà kan. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìpàdé sí aago mọ́kànlá àárọ̀, tíṣà kan tó bá wá, ọmọ mẹ́jọ ló kù sọ́wọ́ ẹnì kejì ẹ̀ yẹn. Àwọn tíṣà ò ní wá, kò sì yẹ kí wọ́n wá, àwọn oníléèwé á wá, àwọn náà ló máa dìbò, lẹ́yìn náà ẹ̀ ẹ́ máa sọ pé àwọn tíṣà ò bìkítà. Ẹ fi sí ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn tó jìnnà wọlé látorí fóònù, kí òfin yín sì sọ pé wọ́n á ka ìbò orí fóònù náà.

Tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ibi tá à ń lọ àti iye tá a máa ná, òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un níṣẹ́. Táwọn méje bá ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ èèyàn méje.

Owó ńkọ́? Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí àkáǹtì ní báńkì jẹ́, kí èèyàn méjì tí wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí máa fọwọ́ sí i, kí akápò ka ìròyìn owó ní gbogbo ìpàdé, kí ẹni tí kì í ṣe ara ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Èyí tó le jù lójú tèmi ni ìgbà tí ire ẹgbẹ́ àti ire ara ẹni bá pàdé. Nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ẹnì kan máa ní iléèwé, ẹnì kan á máa ta ohun ìṣeré, ẹnì kan á máa gbowó láti dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, kò burú, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan ẹni tó máa dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, kí onítọ̀hún sọ ọ́ síta, kó jáde kúrò nínú yàrá (kó jáde ni mo sọ o, kì í ṣe kó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan), kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jáde.

Tí ẹnì kan bá wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ ẹgbẹ́ yín lu ọmọdé tàbí ó ṣe é léṣe, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tẹ́ ẹ máa parí láàárín ara yín. Ẹ kọ́kọ́ fi tó àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ dá onítọ̀hún dúró ná, kẹ́ ẹ tó máa ro ti orúkọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ ẹni tó máa pe àwọn aláṣẹ sínú òfin yín nísinsìnyí, torí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, àánú ẹ̀ á fẹ́ ṣe yín, onítọ̀hún lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Tí àsìkò alága bá wá pé, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta láti máa fi iṣẹ́ han ẹni tuntun. Kó kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àdéhùn tó wà nílẹ̀, gbèsè, páàsìwọ́ọ̀dù ìméèlì àti PIN WhatsApp, káwọn méjèèjì jọ lọ sí báńkì láti yí àwọn tó ń fọwọ́ sí i padà, kí wọ́n má sì gbà pé ó ti parí, kí wọ́n dúró dìgbà tí báńkì bá fún wọn ní lẹ́tà.