Bí ẹ ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ la ìgbèríko Sípéènì kọjá láì bá mọ́tò dù ú

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àárẹ̀ o, mọ́tò ni. Mo mọ àwọn èèyàn wa ní London tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, tí bọ́ọ̀sì kan wá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá fìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ yẹn ti di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí títí dòní. Àwọn gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Sípéènì àwọn ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ máa gùn láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí kò ní sí mọ́tò níbẹ̀ àfi ibi tí ọ̀nà bá ti dábùú títì, ẹ sì lè mú ọmọ dání, ẹ lè mú ìyá yín gan-an dání.

Vía Verde ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ọ̀nà aláwọ̀ ewé. Ojú irin tó ti kú ni gbogbo wọn. Rélùwéè ló ń ná ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò mówó wọlé mọ́ wọ́n tì í pa, wọ́n hú irin kúrò, ilẹ̀ wá wà lásán. Ní 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, àjọ tó sì ń bójú tó ètò náà ni Fundación de los Ferrocarriles Españoles, lónìí gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ ti lé ní 3,000 kìlómítà.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré náà lè ṣe é. Rélùwéè ò lè gun òkè gogoro. Irin ni ẹsẹ̀ ẹ̀, irin náà ló ń tẹ̀, tí òkè bá ti ga jù yíyọ̀ ló máa yọ̀. Torí ẹ̀ làwọn tó la ojú irin nígbà yẹn fi gé òkè, wọ́n lu òkè já sódì kejì, wọ́n gbé afárá lé àfonífojì lórí, kí ọ̀nà ṣáà lè tẹ́jú. Iṣẹ́ àṣelàágùn tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹn, orúnkún tiyín ló máa jèrè ẹ̀ báyìí, torí kì í sábà sí ibi tó máa ga ju mítà 2 sí 3 nínú 100 mítà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti ń gòkè.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni Vía Verde de la Sierra, ní gúúsù lọ́hùn-ún, láti Puerto Serrano dé Olvera, 36 kìlómítà. Ojú irin yìí, rélùwéè kankan ò gba orí ẹ̀ rí o. Àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ogun abẹ́lé dé, owó tán, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo afárá àti stéṣàn tí wọ́n ti kọ́. Tọ́nẹ̀lì 30 ló wà lórí ẹ̀, 30 nínú kìlómítà 36! Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí tọ́nẹ̀lì torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba èèyàn. Ẹ ń bọ̀ látinú oòrùn tó ń ta ṣáú, ẹ kàn bọ́ sínú òkùnkùn lójijì, ojú á kọ́kọ́ ṣú, òtútù á kọ lu àyà yín, omi á máa kán tó, tó láti òkè, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ju òkúta wẹ́wẹ́ tó ń rún lábẹ́ táyà lọ. Àwọn kan nínú wọn níná tó máa ń tàn fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti wọlé, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, ẹni ọdún 61 ni wọ́n nígbà yẹn, a wọ ọ̀kan báyìí, iná ò tàn, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, "Àbúrò, dúró o, mi ò rí nǹkan kan." Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, jígí oòrùn ṣì wà lójú wọn. Torí náà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ yọ jígí, ẹ tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ dín eré kù, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹ máa lu aago kẹ̀kẹ́ yín torí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà nínú ibẹ̀, àwọn ló sì ni ọ̀nà ju oníkẹ̀kẹ́ lọ. Iná fóònù ò tó o. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì orí kẹ̀kẹ́ gidi.

Apá Puerto Serrano ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òkè díẹ̀díẹ̀ ni lílọ sí Olvera, bíbọ̀ á wá rọrùn nígbà tó bá ti rẹ ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀nà ẹ máa rí àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Peñón de Zaframagón, ibùgbé igún ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbójú sókè. Wọ́n máa ń rà bàbà yípo orí àpáta yẹn, ìyẹ́ wọn gbòòrò, wọn ò jù ú rárá, atẹ́gùn ló ń gbé wọn, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta wọ́n ń wò wọ́n, wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Stéṣàn àtijọ́ tó wà nítòsí, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nípa àwọn ẹyẹ yìí. Tẹ́ ẹ bá dé Olvera, ẹ mọ̀ pé orí òkè ni ìlú fúnra ẹ̀ wà, ilé funfun báláú pẹ̀lú ilé olódi àtijọ́ lórí àpáta, láti stéṣàn dé àárín ìlú ni òkè gidi kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa gùn lọ́jọ́ náà. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín jàre, kò sí ẹni tó máa bú yín.

Tí ẹsẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí Vía Verde del Aceite, ọ̀nà òróró, láti Jaén dé Puente Genil, 128 kìlómítà. Òróró ólífì ni rélùwéè ibẹ̀ ń kó nígbà ayé ẹ̀. Igi ólífì ni lọ́tùn-ún, igi ólífì ni lósì, títí dé ibi tójú lè rí i mọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ sùn ní Alcaudete, ẹ sùn ní Cabra, ẹ má sáré. Àwọn afárá onírin tó wà lórí ẹ̀ ga débi pé ẹni tí ibi gíga ń bà lẹ́rù kó tẹjú mọ́ iwájú. Ẹni tó fẹ́ parí ìrìn sétí òkun, ti Catalonia, ní àríwá ìlà oòrùn Sípéènì, ló máa dùn mọ́ ọn, ẹ gbéra láti Olot tó wà láàárín àwọn òkè ayọnáyèéfín tí kò bú mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, 54 kìlómítà dé Girona, ẹ sùn, ọjọ́ kejì 39 kìlómítà míì dé Sant Feliu de Guíxols, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ki ẹsẹ̀ bomi òkun. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò ní Olot òkè kékeré kan wà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ ń lọ ṣáá. Ojú irin kóńkó ni, ọdún 1969 ni wọ́n tì í pa.

Ti Ojos Negros, ìyẹn láti Teruel lọ sápá Valencia, ó gùn ju gbogbo ìyókù lọ, àwọn tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa ni mo fi sílẹ̀ fún. Rélùwéè tó ń kó irin tútù láti ibi ìwakùsà lọ sí Sagunto ló ni ín. Owó tí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kùsà yẹn máa san lórí ojú irin tó ti wà níbẹ̀ ò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá la tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀. Ẹ má lọ sí gúúsù ní July tàbí August rárá, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í ṣe ti ká máa ṣe agídí pé Nàìjíríà la ti wá. April, May, tàbí October ló dáa. Omi lítà méjì ó kéré tán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rọ omi tí wọ́n kọ "no potable" sí, ẹ má mu ún. Táyà ẹlẹ́nu fẹ̀ẹ́fẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ̀gún ibẹ̀ ò ṣeé fojú kéré o. Mo rẹ́ǹtì kẹ̀kẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ò fi túùbù lé e, èmi náà ò béèrè, ẹ̀gún wọlé, mo ti kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì, kò sí fọ́kànáísà nínú igbó ólífì. Ẹ béèrè túùbù méjì, pọ́ǹpù, àti irin tí wọ́n fi ń tú táyà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì tẹ búréèkì méjèèjì wò níwájú wọn. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì náà, ẹni tí orúnkún ń dùn kó gba ìyẹn.

Àṣíborí pọn dandan fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn odi ìlú, ọmọ tí kò tíì pé 16 ò gbọdọ̀ bọ́ ọ nínú ìlú pàápàá. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní ti rélùwéè, ti àdúgbò sí àdúgbò máa ń gba kẹ̀kẹ́ àmọ́ ibi tí wọ́n ń gbé e sí ò pọ̀, ti AVE tó ń sáré yẹn ní tiẹ̀, ẹ máa tú u palẹ̀ sínú báàgì.

Oúnjẹ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ìgbèríko máa ń tì láti bí aago méjì ọ̀sán di aago márùn-ún, lọ́jọ́ Sunday wọn kì í ṣí rárá lọ́pọ̀ ibi, torí náà Sátidé ni kẹ́ ẹ ti ra búrẹ́dì àti èso. Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ẹ béèrè menú del día, abọ́ méjì pẹ̀lú búrẹ́dì àti nǹkan mímu lówó tí ò wọ́n. Kò ní ata o, èmi máa ń di ata gígún sínú ike kékeré nínú báàgì iwájú. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọjá lára àwọn àgbà tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kí wọn, "buenos días", wọ́n á dá yín lóhùn tayọ̀tayọ̀. Bàbá kan ní Coripe, ìlú kékeré kan nítòsí Vía Verde de la Sierra, ló jẹ́ kí n mọ ibi tí omi tó tutù jù wà, torí pé mo dúró kí i.