Bí a ṣe ń po mọ́tà láìmù tó bá ògiri bíríkì àtijọ́ mu

Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bíríkì àtijọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri níbi tí wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí àárín bíríkì. Símẹ́ǹtì á dúró digbí. Bíríkì gan-an ni á máa bó. Omi ló fà á. Mọ́tà ni ohun tí a fi ń lẹ bíríkì pọ̀; láìmù, tí kì í ṣe èso, ni lẹ́búlẹ́bú funfun tí a ń rí láti ara òkúta tí wọ́n sun, òun ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́ dípò símẹ́ǹtì. Mọ́tà láìmù rọ̀, omi tó bá wọ ògiri ń gba inú rẹ̀ jáde. Símẹ́ǹtì dí ọ̀nà yẹn, omi á wá máa gba ara bíríkì jáde, iyọ̀ inú omi á sì máa tú ojú bíríkì ká. Nítorí náà, bí bíríkìlà bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun bu símẹ́ǹtì díẹ̀ sí i kó lè lágbára, ẹ má gbà fún un. Mọ́tà gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi mọ ilé náà. Ẹ gbẹ́ mọ́tà díẹ̀ láti inú, ẹ má mú ti ojú ògiri, èéfín àti òjò ti yí àwọ̀ ìyẹn padà. Ẹ jù ú sínú omi. Bó bá yọ́ di ẹrẹ̀, amọ̀ lásán ni; amọ̀ náà ni kí ẹ fi tún un ṣe. Bí kò bá yọ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, láìmù á hó. Símẹ́ǹtì tó ti pẹ́ náà lè hó díẹ̀, ẹ wá fi ìṣó ha á: láìmù á kúnná, símẹ́ǹtì á le mọ́ ìṣó lọ́wọ́.

Gbígbẹ́ mọ́tà tó ti kú kúrò kò ṣòro. Ṣísẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́ àti òòlù kékeré tó, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5. Èmi kì í jẹ́ kí gíráńdà sún mọ́ ògiri báyìí, torí etí bíríkì ló máa ń gé jẹ, etí bíríkì kì í sì í hù padà.

Iyanrìn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀. Funfun ni láìmù. Iyanrìn ló ń fún mọ́tà láwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ni pé wọ́n á ra iyanrìn èyíkéyìí tí típà bá já sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi àwọ̀ ọ̀dà tún un ṣe. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, ògiri á di alábàwọ́n.

Ẹ rẹ mọ́tà àtijọ́ tí ẹ gbẹ́ sínú fínígà, kí ẹ máa pààrọ̀ fínígà náà títí kò fi ní hó mọ́. Iyanrìn tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníyanrìn. Ẹ fi àwọ̀ wé àwọ̀, ẹ tún fi ìka yẹ bó ṣe rí: ṣé ó kúnná ni àbí ó ní hóró ńláńlá? Iyanrìn tó kúnná nìkan á mú kí mọ́tà sán. Iyanrìn odò, irú èyí tí wọ́n ń kó ní Odò Àlà, ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú ìgò omi, ẹ mì í. Bí omi bá ṣì dọ̀tí lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọ iyanrìn náà kí ẹ tó lò ó.

Láìmù lẹ́búlẹ́bú inú àpò wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ìtọ́jú omi. Ẹfun ọjà kì í ṣe láìmù, kò ní le láéláé. Omi funfun tí àwọn wẹ́dà ń dà nù lẹ́yìn kábáàdì, láìmù ni lóòótọ́, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dúdú díẹ̀, kábáàdì tí kò tíì jó tán sì lè wà nínú rẹ̀ tí á máa tú afẹ́fẹ́ tó ń gbaná. Mi ò kí ń lò ó. Òkúta láìmù tí wọn kò tíì fi omi pa náà, ẹ fi í sílẹ̀. Híhó ló máa ń hó gidi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Bí láìmù bá ta sí yín lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù.

Ẹ rẹ lẹ́búlẹ́bú náà sómi di ọjọ́ kejì, títí á fi ki bí òrí. Kóńgò láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta ni. Fún ògiri tí òjò ń gbá, ẹ yọ ìdajì kóńgò iyanrìn, ẹ fi bíríkì fífọ́ tí ẹ gún nínú odó tí ẹ sì jọ̀ rọ́pò rẹ̀. Èyí tí iná kò jẹ púpọ̀ ló dáa jù. Ẹ má fi omi kún un, ẹ máa gún un ni. Ara rẹ̀ á tú.

Ẹ fi oríṣi mọ́tà mẹ́ta tí ẹ pò sórí àfọ́kù bíríkì ilé náà, ẹ dúró kó gbẹ, kí ẹ tó yan èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu lójú ọ̀sán. Mọ́tà tútù ń tàn ọ́ jẹ, torí ó máa ń funfun sí i bó bá gbẹ.

Ẹ fi omi rin ògiri dáadáa, ẹ ki mọ́tà sínú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má kì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti le díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lù ú. Ìparí òjò, oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ni àkókò rẹ̀. Àpò kòkó tí ẹ rin sómi ni kí ẹ fi bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sàn ju tapólì lọ torí ó ń mí.

Láìmù rírẹ tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí omi bò ó nínú ike ọ̀dà, ẹ dé e pa. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń dáa sí i. Èyí tí ẹ ti da bíríkì gígún mọ́ ni kì í dúró, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà.