Bí a ṣe ń ya àwòrán láti ara ère òrìṣà obìnrin Kültepe

Ó pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Túrkì ti ń mú àrà láti ara iṣẹ́ ọnà Anatolia, apá Túrkì tó wà ní Éṣíà. Bedri Rahmi Eyüboğlu, tó kú ní 1975, kọ́ṣẹ́ dé Paris, síbẹ̀ àrà ara kílíìmù (ẹní híhun ilẹ̀ Túrkì) àti iṣẹ́ ọwọ́ ará oko ló kún inú àwòrán rẹ̀. Àwọn mìíràn yà sídìí ère òrìṣà obìnrin.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi ère obìnrin tó jókòó láàárín ẹranko méjì, èyí tí wọ́n rí ní Çatalhöyük, ìlú àtijọ́ kan ní Túrkì, sílẹ̀ ná. Ara rẹ̀ ṣòroó mú. Ti Kültepe, ìlú àtijọ́ mìíràn nítòsí Kayseri ní Túrkì, ni kó mú. Òkúta alabásítà (òkúta funfun tó rọ̀) pẹlẹbẹ ni: ara roboto, ọrùn gígùn kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí onígun mẹ́ta. Wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 2300 ṣáájú ìbí Kristi. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ankara, olú ìlú Túrkì, ní lára wọn.

Ẹ yà á sórí bébà, ẹ gé e, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tọ etí rẹ̀ sórí pákó. Pákó ni o, torí kánfáàsì máa ń tẹ̀ bí ẹ bá ń fín nǹkan sí i. Ẹ lọ efun kúnná, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà àti iyanrìn tí ẹ jọ̀ pò ó, kó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ tẹ́ ẹ, kó nípọn tó mìlímítà 2. Kò sídìí láti ra irú àpòpọ̀ yìí tí wọ́n ń tà nínú ike.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Òbìrí inú òbìrí àti ìlà bí ojú àwọ̀n kéékèèké tó wà láyà ère náà, fífín ni wọ́n fín wọn. Ọ̀pọ̀ á kàn gbé búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú fa ìlà. Ìlà bẹ́ẹ̀ kò ní òjìji. Ẹ fín in! Bó bá tutù jù, etí ìlà á padà dì pọ̀; bó bá gbẹ jù, á máa ṣí ní èépá-èépá. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: tó bá tutù síbẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn yín lọ́wọ́, àsìkò tó. Ẹ má tan fáànù sí i. Òkè nìkan ló máa le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀, ìṣó á sì fà á ya.

Ìṣó tí ẹnu rẹ̀ ti kú ni mo máa ń lò, ẹyọ ìgbálẹ̀ fún ojú àwọ̀n. Mi ò fọwọ́ kan kọ́ńpáàsì rárá. Òbìrí tó bá gún jù a máa pa ère náà. Ẹ fa ìlà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má padà sórí rẹ̀.

Ojú àti imú ti tó. Ẹ má fún un ní ètè, ẹ má fún un ní ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni òrìṣà ti ń di ọmọláńgidi.

Tó bá gbẹ tán pátá, ẹ fi omi la ọ̀dà acrylic aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ fi àkísà nù ún kíá, kó ṣẹ́kù sínú ìlà nìkan. Tíì tó ki ṣeé lò, ṣùgbọ́n á ṣá. Lẹ́yìn náà, ẹ kun ọ̀dà funfun tó pọ́n díẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ má fi fánííṣì tó ń dán sí i, torí kò ní jẹ́ kí ìlà hàn. Ibi tí iná ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbé e kọ́.