Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe ríbíù ìwé tuntun kó wúlò fẹ́ni tó fẹ́ rà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ríbíù ìwé, ìyẹn kéèyàn ka ìwé kó sì kọ bó ṣe rí sí i fáwọn ẹlòmíì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹni tó di owó mọ́wọ́, tó ń rò ó bóyá kóun ra ìwé yẹn, lẹ ń kọ ọ́ fún o, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Ẹ ka ìwé náà tán pátápátá, kẹ́ ẹ mú bírò dání. Ibi tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín, ibi tó ti sú yín, ibi tẹ́ ẹ ti padà lọ tún un kà torí pé kò yé yín, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa jáde.

Tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, ibi tó yẹ kéèyàn sọ ìtàn dé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má kọjá ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde lọ́dún 2017: Yéjídé àti Akin jẹ́ tọkọtaya n'Íléṣà, ọmọ ò dé, mọ̀lẹ́bí bá mú ìyàwó kejì wá. Ẹ lè sọ ìyẹn. Ẹ sọ pé ọkọ ń sọ tiẹ̀, ìyàwó náà ń sọ tiẹ̀, torí ìyẹn ló ń jẹ́ ká rí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n àṣírí tó wà nínú Akin yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fẹ́ni tí ò tíì kà á.

Èyí tí kì í ṣe àròsọ ńkọ́? Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n ń to ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ sí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Níbo ni òǹkọ̀wé ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ta ló bi léèrè, ibo lòun fúnra ẹ̀ dúró sí? Samuel Johnson tó kọ The History of the Yorubas, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe pásítọ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ kí ogun Kírìjì tó wà láàárín Ìbàdàn àtàwọn Èkìtì lè parí, èyí tó kọ́kọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó kú lọ́dún 1901, àbúrò ẹ̀ Obadiah ló tún un kọ kó tó jáde lọ́dún 1921. Gbogbo ìyẹn ló kan bá a ṣe máa kà á, ẹ ò rí i pé ìtàn Ọ̀yọ́ pọ̀ nínú ẹ̀ ju tàwọn ìlú yòókù lọ? Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ríbíù ẹ̀ náà, ẹ wá a rí.

Tẹ́ ẹ bá ní kò dáa, ẹ da gbólóhùn kan kọ látinú ẹ̀ káwa náà rí i. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló kọ ọ́, tàbí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín, ẹ sọ ọ́ síta.

Kẹ́ ẹ tó ṣíwọ́, ẹ kọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, iye ojú ewé àti iye tí wọ́n ń tà á, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.