Bí a ṣe ń ṣọ́ omi odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ nítòsí ibi ìwakùsà èédú

Èédú fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń ba omi jẹ́. Pyrite ni, òkúta tó ń dán bíi wúrà láàárín èédú àti àpáta tó yí i ká. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ síta tí atẹ́gùn àti omi kàn án, ásíìdì ló ń mú jáde, ásíìdì náà á sì yọ irin, manganese àti aluminium lára òkúta. Sulfate, ìyẹn iyọ̀ tó ń ti ara pyrite jáde, àti conductivity, ìyẹn bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá, ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. pH, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi (bó bá ṣe lọ sílẹ̀ sí ni ásíìdì pọ̀ sí), lè dúró sí 7 fún ọdún bíi mélòó kan, níwọ̀n ìgbà tí òkúta ẹfun ṣì ń pa ásíìdì náà. Ẹni tó gbójú lé pH nìkan, ìgbà tí ọjà ti tú ló máa dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ó kéré tán ọdún kan kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ lè mọ bí omi ṣe rí lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Láìsí èyí, kò sí ohun tí ẹ máa fi àbájáde tó bá yá wé.

Kànga àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, kí wọ́n má sì tò sórí ìlà kan, torí ojú omi inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ń mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Ọ̀kan á wà níbi tí omi kò tíì dé ibi ìwakùsà, àwọn yòókù níbi tó gbà kọjá. Páìpù ike 50 mm tó ní ojú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ni kí ẹ lò: yanrìn fífọ̀ yí ojú náà ká, amọ̀ bentonite lórí yanrìn, síméǹtì títí dé òkè, ọmọrí pẹ̀lú àgádágodo. Bí bentonite bá fẹ́lẹ́, omi òjò á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù wọlé, ẹ ó sì máa rò pé abẹ́ ilẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ fi omi àfiwọ̀n pH 4 àti 7 ṣàtúntò ẹ̀rọ tó ń wọn pH, kí ẹ sì wọn ojú omi kí ẹ tó fa nǹkan kan. Páìpù 50 mm ń gba nǹkan bíi lítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tí omi inú rẹ̀ bá jìn ní mítà 8, lítà 16 nìyẹn. Ẹ fa ìlọ́po mẹ́ta, lítà 48, dànù. Ẹ má fà á tagbáratagbára, ẹrẹ̀ á dìde. Ìgbà tí kíkà mẹ́ta léraléra kò bá yàtọ̀ ju 0.1 lọ fún pH àti 3% fún conductivity ni kí ẹ tó bu omi.

Ìgò omi tí a fẹ́ yẹ irin inú rẹ̀ wò ló ń da àwọn tó ń bu omi láàmú jù. Ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ 0.45 µm sẹ́ omi, kí ẹ tó kán nitric acid sí i títí pH á fi wà lábẹ́ 2. Bí ásíìdì bá ṣáájú asẹ́, irin ara ẹrẹ̀ á yọ́ sínú omi, àbájáde á sì burú ju bí omi ṣe rí lọ. Ìgò sulfate kì í gba ásíìdì: ẹ tọ́jú rẹ̀ sí 4°C, kó dé lábù láàárín ọjọ́ 28. Ibi tí ẹ ti bu omi gan-an ni kí ẹ ti wọn pH, kì í ṣe lábù, torí irin tó ń yí padà nínú ìgò lójú ọ̀nà máa ń fà á wálẹ̀.

Lódò, ẹ bu omi lókè, lẹ́nu ibi tí omi ìwakùsà ti ń jáde, àti nísàlẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pò. Bí conductivity etí odò méjèèjì bá yàtọ̀, kò tíì pò. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má baà rú omi tí ẹ fẹ́ bù.

Ẹ wọn bí omi ṣe ń ṣàn pẹ̀lú. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 5, lítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Tí sulfate bá jẹ́ 800 mg/L, kílò 138 ló ń wọ odò lójúmọ́. Ẹ má fi òjò àkọ́rọ̀ ṣeré: òun ló ń fọ iyọ̀ tó gbẹ sórí òkìtì òkúta sínú odò.

Nínú ìgò mẹ́wàá, ẹ bu ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ìgò omi mímọ́ láti lábù kan sí i. Bí irin bá wà nínú ti omi mímọ́ yẹn, ìgò tàbí asẹ́ yín ló dọ̀tí.

Bí wọ́n bá ti ilé ìwakùsà, ẹ má dí kànga. Ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tó ń fa omi síta ni omi á gòkè nínú ihò, tí á yọ́ gbogbo iyọ̀ tó ti gùn sára ògiri, omi tó sì kọ́kọ́ jáde ló sábà máa ń burú jù.