Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí o bá ń wá ìròyìn ilé-iṣẹ́ àti òfin fún próójẹ́ẹ̀tì

Má ṣe gba orúkọ orí pátákó gbọ́. Ká ní àwọn tó ń ra kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni próójẹ́ẹ̀tì rẹ dá lé, ohun tí wọ́n kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù lè má bá èyí tó wà lọ́wọ́ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, mu rárá. Wá a lórí ìkànnì CAC, ọ̀fẹ́ ni, kí o sì kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, torí orúkọ a máa jọra. RC ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà kọ́ńpìnì, BN ni ti orúkọ òwò lásán, IT sì ni ti ẹgbẹ́, ìjọ àti àjọ aláàánú.

Ìyàtọ̀ RC àti BN yìí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. “Enterprises” tàbí “Ventures” tó ní BN kì í ṣe kọ́ńpìnì. Lójú òfin, ọ̀kan náà ni òun àti olówò rẹ̀: bí òwò bá jẹ gbèsè, olówò ló jẹ ẹ́. Ẹni tó wá kọ ọ́ pé irú òwò bẹ́ẹ̀ ní ìgbìmọ̀ olùdarí àti àwọn onípìn-ín ti ṣìnà láti ojú ewé kìíní. Bí o bá sì rí “inactive” lórí ìkànnì CAC, má kọ ọ́ pé wọ́n ti kógbá wọlé. Àìfi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC ló sábà máa ń fà á; wọ́n lè ṣì máa tajà ní Takie lójoojúmọ́.

Kọ́ńpìnì tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà NGX, ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, ní láti gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ síta, o sì lè rí i kà. Kọ́ńpìnì aládàáni kò sí lábẹ́ irú ọ̀ranyàn yẹn. Jọ̀wọ́, má fi iye tí ẹnì kan fojú bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì dí àlàfo náà. Ó sàn kí o tètè yí àkòrí padà.

Bí ìwé ìṣirò bá dé ọwọ́ rẹ, òkè tábìlì ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá kọ ₦’000 síbẹ̀, 4,250,000 kì í ṣe mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé, ₦4.25 bílíọ̀nù ni. Òpó “Group” kó àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó wà lábẹ́ kọ́ńpìnì náà mọ́ ọn, “Company” kò kó wọn mọ́ ọn. Má mú ti 2022 láti ọ̀kan kí o mú ti 2023 láti èkejì. Níbi tí wọ́n bá kọ “restated”, wọ́n ti tún iye ọdún tó kọjá ṣe nìyẹn, tuntun ni kí o lò. “Unaudited” túmọ̀ sí pé ọ́dítọ̀ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti òfin, ọdún rẹ̀ ni kókó. Ìwé àtijọ́ ní láíbìrì ṣì ń sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló lè dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, bí CAMA 1990, òfin kọ́ńpìnì Nàìjíríà, ṣe wí. CAMA 2020 ti gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀, ní abala 18. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ tí ò ń yẹ̀ wò bá ṣẹlẹ̀ ní 2012, ti àtijọ́ yẹn gan-an ló kàn ọ́. Bákan náà ni ISA 2025, òfin ìdókòwò àti ọjà ìpín, ti rọ́pò ISA 2007. Àbá tó ṣì wà nílé aṣòfin kò tíì di òfin, bó ti wù kí ìwé ìròyìn pariwo rẹ̀ tó.

Ẹjọ́ ńkọ́? Ka ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kan a máa fa ọ̀rọ̀ adájọ́ tó tako àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ bí ẹni pé òun ni kóòtù tẹ̀ lé, àwọn mìíràn ò sì ní wò ó bóyá kóòtù tó ga jù ti yí i dànù. Ẹjọ́ tí ChatGPT bá dárúkọ, wá nọ́ńbà rẹ̀ kàn kí o tó kọ ọ́: ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò sí láyé wá síwájú rẹ̀.

Ohunkóhun tí o bá rí lórí ìkànnì, fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, kí o sì kọ ọjọ́ tí o wò ó sí i. “Inactive” òní lè di “active” kí ọjọ́ ìgbèjà iṣẹ́ rẹ tó pé.