Bí "Do" Ṣe Di Ọlọ́kadà: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àwọn Ọlọ́jà Kétu

Ọ̀rọ̀ owó ló dá kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wa sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Kétu, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ní oníbàárà kan ní Èkó, ọmọ Ìbò tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì gbọ́ Faransé. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ná ọjà, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà ṣà jọ lẹ́nu àwọn awakọ̀. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ sí i pé "You have sent the money". Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ṣé ẹ ti fi owó ránṣẹ́. Kò fi àmì ìbéèrè sí i. Oníbàárà náà ti fi owó rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ó rò pé ìyá ń sọ fún òun pé owó ti dé ọwọ́ ni. Ó fèsì pé "Ok". Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń dúró de ara wọn.

Èmi ni ó gbé fóònù náà wá bá, torí pé Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí kí n tó padà wálé. Mo kà á, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rín kọ́ lọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi. Kọ́ wa."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi yí po, wọ́n ti di méje nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ: ọlọ́jà mẹ́rin, awakọ̀ kan, bíríkìlà kan, àti bàbá àgbà kan tó ń ta irúgbìn. Gbogbo wọn ló ń sọ Yorùbá, àwọn tó sì kàwé nínú wọn, Faransé ni wọ́n fi kà á. Bàbá yẹn nìkan ló kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, nílé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ń fi ɛ àti ɔ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Benin, kì í fi àmì sábẹ́ e àti o bí èmi ṣe kọ́ ọ l'Ábẹ́òkúta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ oríṣi gbólóhùn mẹ́rin sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo òjò. Mo nu ún kúrò. Mo ní kí kálukú sọ ohun tó sọ lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Ọjà ti wọ́n." "Èló ni?" "Gbé e síbí!" "Háà, iṣu yìí mà tóbi o!" Gbólóhùn àlàyé, ìbéèrè, àṣẹ àti ìyanu ti pé sílẹ̀, láìjẹ́ pé mo kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè ló gba àsìkò wa jù. Mo rò pé mo gbọ́n: mo ní "do" ni "ṣé" wa, ẹ gbé e síwájú, ó parí. "Ṣé o fẹ́ àlùbọ́sà?" di "Do you want onions?" Inú gbogbo wa dùn. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kọ "Do the goods is ready?" Bíríkìlà kọ "Where you live?", torí pé kò sí "ṣé" nínú "Níbo lò ń gbé?" Èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà, kì í ṣe àwọn.

Zẹ́mì, bí a ṣe ń pe ọ̀kadà akérò ní Benin, ló yọ mí. Mo ní, nínú ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní ọ̀kadà tiwọn: is, are, was, can, will, àti "have" nígbà tó bá ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ìbéèrè bá dé, fúnra wọn ni wọ́n ń gun ún lọ síwájú: "Is it ready?", "Have you sent it?" Àwọn yòókù, bíi want, live, come, kò ní nǹkan kan, wọ́n gbọ́dọ̀ pe zẹ́mì, orúkọ ọlọ́kadà náà sì ni "do". Ọlọ́kadà ló ń gbé ẹrù. Bí "s" bá wà, òun ló gbé e, ó di "does". Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, òun náà ló gbé e, ó di "did". Ẹni tó gùn ún ń lọ lọ́wọ́ òfo ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "Did he come?", tí a kì í sọ pé "Did he came?" Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá ṣì í, àwọn yòókù á pariwo pé, "Ẹrù méjì! Ẹrù méjì!"

Lórí gbólóhùn àṣẹ, bàbá onírúgbìn kò gbà fún mi. Kò ní í kọ "Send the money" sí ẹni tó jù ú lọ láé. Níbo ni "ẹ" wà nínú "you"? Mo ní kò sí. Ó mi orí. Mo fi "Could you send the money, please?" hàn án: àṣẹ tó wọ aṣọ ìbéèrè. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kọ́mà le ju bí mo ṣe rò lọ. "Mo lọ sọ́jà, mo ra iṣu, mo padà sílé": ó dùn lédè wa, Faransé náà ń gbà á láyè. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbà á. Mo ní kí wọ́n wo Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnu odi ìlú àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀: lẹ́tà ńlá ni ìwọlé gbólóhùn, àmì ìdánudúró ni ìjáde rẹ̀. Aṣọ ìkélé lásán ni kọ́mà, kò lè dá gbólóhùn méjì dúró, àfi kí "and", "but" tàbí "so" bá a dì í mú. Ibi tó ti lè da ilé rú ni mo wá fi hàn wọ́n: "Don't pay Bola" ń sọ pé má sanwó fún Bọ́lá, "Don't pay, Bola" sì ń sọ fún Bọ́lá fúnra rẹ̀ pé kó má sanwó.

Awakọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ kọ́mà inú owó wá. Wọ́n kọ 12,500 náírà ránṣẹ́ sí i láti Èkó, ó sì kà á bí Faransé ṣe ń kà á: méjìlá àti ààbọ̀. Ó ti fẹ́ bínú kó tó béèrè.

Ìyókù kò pẹ́: "I" àti orúkọ ọjọ́ gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, Faransé kì í fún wọn. Àyè tí Faransé ń fi síwájú àmì ìbéèrè ò sí ní Gẹ̀ẹ́sì. Lórí fóònù, àyè yẹn máa ń ti àmì náà bọ́ sí ìlà kejì, á wà níbẹ̀ lóun nìkan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá alálùbọ́sà na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ti kọ ọ́ sí Èkó pé "Have you sent the money ?" Èsì wà nísàlẹ̀: "Not yet. Tomorrow morning." Mo rí àyè tó wà níwájú àmì ìbéèrè. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní ó káre.